Ohun tí kò pa kòkòrò, ṣé lóòótọ́ ni kò ṣe é ní nǹkan?

Àwọn èèyàn gbà pé bí fàdákà bá kan kòkòrò àìfojúrí, yóò kú. Bí kò bá sì kú, a jẹ́ pé fàdákà ọ̀hún kéré jù láti ṣe é ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ọkàn wọn fi ń balẹ̀ tí wọ́n bá gbọ́ pé èérún fàdákà inú ìbọ̀sẹ̀ "tí kì í rùn" ń bọ́ sínú omi ìfọṣọ, tó ń bá omi ìdọ̀tí lọ, tó sì ń dé inú ẹrẹ̀ tí wọ́n ń dà sóko bí ajílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á ní, kí ni ìwọ̀nba yẹn fẹ́ ṣe?

Ó lè ṣe ohun tó pọ̀. Èérún tí à ń wí kò ju 100 nánómítà lọ, bẹ́ẹ̀ mílímítà kan ṣoṣo jẹ́ mílíọ̀nù kan nánómítà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmìrán ni bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tí à ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni bakitéríà ti ń jogún. Joshua Lederberg àti Edward Tatum fi èyí hàn ní 1946. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fún ara wọn ni plasmid, òrùka kékeré kan tí wọ́n fi DNA ṣe, ìyẹn ohun tí jíìnì, àwọn àbùdá tí à ń jogún, wà lórí rẹ̀. Èyí tó fẹ́ fúnni á na irun tín-ín-rín jáde, á fi fa aládùúgbò rẹ̀ mọ́ra, á wá ti fọ́nrán DNA kan sí i nínú. Bí ìgbà tí wọ́n tan fìtílà lára fìtílà ni: ti ẹni tó fúnni kò kú.

Àwọn bakitéríà tó ń jẹ oògùn oko náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ bu ilẹ̀ níbi tí oògùn apakoríko ti dà sílẹ̀, wọ́n sì gbin ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí jẹ́lì tí wọ́n ti po atrazine, oògùn apakoríko kan, mọ́ títí ó fi funfun bí omi ògì. Nígbà tó ṣe, yíká àwọn agbo bakitéríà kan, jẹ́lì náà mọ́ gaara. Wọ́n ti jẹ oògùn tó wà láyìíká wọn tán. Pseudomonas ADP ni wọ́n pe bakitéríà náà, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1995. Orí plasmid ni wọ́n wá bá jíìnì tó fi ń jẹ ẹ́, wọ́n sì rí irú rẹ̀, bí ẹni ṣe ẹ̀dà, lára oríṣi bakitéríà mìíràn ní ilẹ̀ òkèèrè. Oògùn tí kò tíì sí lọ́jà kí ọdún 1950 tó dé! Èmi ò tíì yé ṣe hà sí i.

Ibí ni mẹ́táàlì ti wọ̀ ọ́. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà po èérún ọ́kísáìdì àlùmíníọ̀mù mọ́ oríṣi bakitéríà méjì: E. coli tó ní plasmid tó ń jẹ́ RP4 àti Salmonella tí kò ní. Bí plasmid náà ṣe ń ré kọjá fi nǹkan bí ìlọ́po 200 pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí irú rẹ̀ lára fàdákà àti bàbà, ní ìwọ̀n tí kò pa bakitéríà. Ohun tó fà á ni pé mẹ́táàlì ń dá wàhálà sílẹ̀ lára wọn: awọ ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, àwọn jíìnì tó ń darí pípín plasmid á sì túra. Ọfà bà wọ́n, wọn ò kú, wọ́n wá ń há ẹrù wọn fáyé.

Ilé ìwòsàn ní Birmingham ni RP4 ti wá, jíìnì tí kì í jẹ́ kí oògùn apakòkòrò àrùn ran ló sì gbé. Ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni òun àti plasmid ti Pseudomonas ADP, àti pJP4, plasmid tó ń jẹ́ kí bakitéríà jẹ 2,4-D, oògùn apakoríko mìíràn. Ẹlòmíì á ní, ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká da èérún sóko kí àwọn ajẹmájèlé lè pọ̀. Ẹ rọra. pJP4 yìí kan náà gbé jíìnì tí kì í jẹ́ kí mẹ́kúrì pa bakitéríà. Plasmid kì í ṣa èrò: ẹni rere àti jàgùdà, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Bí èérún bá sì wá pọ̀ jù, àwọn ajẹmájèlé fúnra wọn lè kú, oògùn á wá jókòó sílẹ̀.

Ilẹ̀ kì í ṣe ìgò àyẹ̀wò ṣá o. Amọ̀ máa ń di èérún mú, imí ọjọ́ inú ẹrẹ̀ ìdọ̀tí sì máa ń so mọ́ fàdákà títí agbára rẹ̀ á fi dín kù. Nítorí náà, iye fàdákà tó bọ́ lára ìbọ̀sẹ̀ kò tíì sọ iye tó máa dé ara bakitéríà.