Ibi tí GP ti wá: láti orí ológbò Íjíbítì dé orí fọ́múlà tí à ń há sórí

Tí ẹ bá bi ọmọ SS2 kan léèrè pé ta ló dá GP (geometric progression, ìyẹn nọ́ńbà tí a tò tẹ̀léra, tí a ń fi iye kan náà sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ ká tó rí èyí tó kàn) sílẹ̀, á ní àwọn òyìnbó ni, tàbí kó ní WAEC ni, kí wọ́n lè rí nǹkan fi da òun láàmú. Irọ́ ni o. Fọ́múlà àpapọ̀ GP tí wọ́n ń kọ sí bọ́ọ̀dù yẹn, tí gbogbo kíláàsì á kàn há sórí bí ẹsẹ Bíbélì, iṣẹ́ inú ẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń fi a àti r ṣe ìṣirò. Kódà nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí akọ̀wé ará Íjíbítì kan kọ sílẹ̀ ní ohun tó lé ní 3,500 ọdún sẹ́yìn, tí ẹ̀yin náà á sì bá pàdé lónìí tí ẹ bá ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú fọ́múlà tíṣà yín.

Ahmose lorúkọ akọ̀wé yẹn, àwọn míì ń pè é ní Ahmes. Nǹkan bí ọdún 1550 kí wọ́n tó bí Jésù ló jókòó da ìwé ìṣirò kan kọ látinú ìwé tó ti pẹ́ jù ú lọ, òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kò gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe tiẹ̀. Ní 1858, ará Scotland kan tó ń jẹ́ Henry Rhind ra ìwé náà ní Luxor, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní páápírọ́ọ̀sì Rhind nìyẹn, ẹni tó rà á lorúkọ ẹ̀ wá borí ti ẹni tó kọ ọ́, ẹ ò rí ayé bí? British Museum ní London ló wà báyìí.

Ìbéèrè 79 inú ẹ̀ ni kí ẹ bá mi wò. Ahmose ò kọ ìtàn kankan sí i, ó kàn to nǹkan sílẹ̀ ni: ilé 7, ológbò 49, eku 343, ṣírí ọkà 2401, òṣùwọ̀n ọkà 16807, àpapọ̀ 19607. Ẹni bá wò ó á ti mọ ibi tó ń lọ, ilé kọ̀ọ̀kan ní ológbò méje, ológbò kọ̀ọ̀kan pa eku méje, eku kọ̀ọ̀kan ì bá jẹ ṣírí méje, ṣírí kọ̀ọ̀kan ì bá so òṣùwọ̀n méje. Ó tiẹ̀ ṣì í kọ níbì kan, 2301 ló kọ síbi tó yẹ kó kọ 2401, ṣùgbọ́n àpapọ̀ ìsàlẹ̀ pé géérégé, èyí fi hàn pé kì í ṣe pé ó ń rò ó pọ̀ bó ṣe ń kọ ọ́ lọ, ó ń wo nǹkan kọ ni.

Ibi tó dùn jù ni apá kejì. Ó kọ 2801 síbẹ̀, ó sọ ọ́ di méjì, 5602, ó tún sọ ìyẹn náà di méjì, 11204, ó wá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 19607 náà ló jẹ́. Báyìí ni àwọn ará Íjíbítì ṣe ń ṣe ìsọdipúpọ̀, wọ́n á kàn máa sọ nǹkan di méjì méjì ṣáá, ìlọ́po kan àti ìlọ́po méjì àti ìlọ́po mẹ́rin, ẹ kó wọn jọ, ìlọ́po méje nìyẹn.

Níbo wá ni 2801 ti yọ? Ẹ ro 7 àti 49 àti 343 àti 2401 pọ̀, 2800 ni, ẹ fi 1 lé e. Ó dáa, ẹ wá mú fọ́múlà tiwa: a tó jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ 7, r tó jẹ́ kọ́mọ̀n réṣíò, ìyẹn iye tí a fi ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, jẹ́ 7, n tó jẹ́ iye nọ́ńbà tí a tò jẹ́ 5. 7 páwà 5 jẹ́ 16807, ẹ yọ 1 kúrò, 16806, ẹ wá pín in sí 6, torí 6 ló kù tí a bá yọ 1 kúrò nínú r. Kí lẹ rí? 2801! Ẹ ò tíì fi a sọ ọ́ di púpọ̀ o, nọ́ńbà Ahmose gan-an ló ti wà lọ́wọ́ yín yẹn, ó ku kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méje bó ṣe ṣe é.

Àwọn ará Bábílónì náà mọ ọ̀nà àbùjá yìí. Wàláà amọ̀ kan wà láti Uruk, ó wà ní Louvre ní Paris, ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ ro 1, 2, 4, 8 pọ̀ títí dé 512, kò rò ó pọ̀ rárá, ó mú 512, ó fi 511 kún un, ó di 1023, ó parí.

Ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ̀ pé nǹkan ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí kó fi hàn pé kò sígbà tí ò ní ṣiṣẹ́. Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gírísì, ló ṣe ìyẹn, ní nǹkan bí ọdún 300 kí wọ́n tó bí Jésù, nínú ìwé kẹsàn-án iṣẹ́ ẹ̀, àlàyé 35. Kò lo lẹ́tà bíi tiwa, ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi ṣe é: ẹ yọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkẹyìn náà, bí ti ìṣáájú bá ṣe pọ̀ tó sí nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀yìn ṣe máa pọ̀ tó sí àpapọ̀ gbogbo èyí tó ṣáájú ìkẹyìn. Ẹ gbé e sórí ológbò wa, èyí tó kàn lẹ́yìn 16807 ni 117649, ẹ yọ 7, ó ku 117642, ẹ pín in sí 6, 19607. Èmi ò mọ ìdí tí àwọn ìwé wa kì í fi kọ́ ọmọ báyìí, ó yé èèyàn ju kí wọ́n kàn da lẹ́tà sílẹ̀ lọ. Àlàyé tó tẹ̀lé e ló sì jẹ́ ká rí ohun tó fẹ́ fi ṣe: ẹ ro 1, 2, 4 pọ̀, 7 ni, nọ́ńbà mìíràn ò sì lè pín 7 yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra ẹ̀, ẹ wá fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, 28. Gbogbo nọ́ńbà kéékèèké tó lè pín 28, ìyẹn 1, 2, 4, 7 àti 14, tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, 28 náà ni.

Eré sísọ-di-méjì yìí ló wá gbajúmọ̀ jù lọ. Gbogbo èèyàn ti gbọ́ ìtàn ọlọ́gbọ́n ará Íńdíà tó ní kí ọba fi hóró ọkà kan sórí ojú kìíní pátákó chess, méjì sórí ìkejì, mẹ́rin sórí ìkẹta, títí dé ojú kẹrìnlélọ́gọ́ta. Àlọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n al-Biruni, ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan, ṣe ìṣirò ẹ̀ ní tòótọ́ ní nǹkan bí ọdún 1000, ó sì gbà á: 18,446,744,073,709,551,615. Àwọn bàbá wa náà ò jìnnà sí i, ẹ ka ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀, mẹ́jọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé, ẹ máa sọ ọ́ di méjì méjì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, 256 odù lẹ máa bá níbẹ̀. Ní 1202, Fibonacci ní Ítálì gbé ìyá arúgbó méje tó ń lọ sí Róòmù jáde, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbaaka méje, ìbaaka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpò méje, búrẹ́dì, ọ̀bẹ, àkọ̀, gbogbo ẹ̀ 137256. Ẹ yọ 117649 kúrò nínú ẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀.

GP tí kò lópin ló fún wọn ní wàhálà. Zeno, onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, ti fi dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Gírísì, pé ẹni tó ń lọ síbì kan á kọ́kọ́ rin ìdajì, á rin ìdajì èyí tó kù, kò ní débẹ̀ láéláé. Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ará Gírísì míì, ò bá a jà, ó kàn lò ó láti wọn inú parábólà, ìlà tó tẹ̀ bí ọ̀nà tí òkúta tí a jù ń gbà, ó sì fi hàn pé ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́rìndínlógún, ìdá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tí ẹ bá ń rò wọ́n pọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́ta ni wọ́n ń lọ. François Viète, lọ́yà kan ní Faransé, ẹni tó jẹ́ kí lẹ́tà di nǹkan ìṣirò, ló kọ ìlànà àpapọ̀ aláìlópin sílẹ̀ ní 1593, èyí tí à ń pè ní a lórí 1 tí a yọ r kúrò nínú ẹ̀. Cauchy, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, wá là á yékéyéké ní 1821 ìgbà tí èèyàn láṣẹ láti lò ó: r gbọ́dọ̀ wà láàárín -1 àti 1. Ẹ fojú kéré ìlà yẹn nínú ìdánwò, kí ẹ fi fọ́múlà náà ro 1, 2, 4, 8 pọ̀ láìlópin, -1 ló máa fún yín.