Yíìsì kì í fi B1 rẹ̀ tọrẹ

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi àwa tí à ń fi yíìsì ṣiṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè po yíìsì búrẹ́dì mọ́ omi kí n máa mu ún torí fítámì B?" Ẹni tó ń bèèrè ti gbọ́ pé fítámì B pọ̀ nínú yíìsì. Òótọ́ ni, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má mu ún láàyè. Kí àlàyé mi lè yé yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí B1, ọ̀kan nínú àwọn fítámì B yẹn, ń ná yíìsì fúnra rẹ̀.

Yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò náà ló wọ́pọ̀ nínú ẹmu wa, òun náà ni wọ́n fi ń pọn àwọn bíà kan. Saccharomyces cerevisiae lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Lọ́dún 1996 ni àwọn onímọ̀ ka àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀ tán, wọ́n sì bá jíìnì bíi 6,000, ìyẹn àwọn ìlànà tí yíìsì fi ń kọ́ ara rẹ̀, níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni THI4. Nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀, n kò tíì rí èyí tó yà mí lẹ́nu tó o.

Apá méjì ni B1, tí a tún ń pè ní thiamine, ní. THI5 àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń ṣètò apá kìíní, THI4 ló ni apá kejì, THI6 á sì wá so méjèèjì pọ̀. Apá ti THI4 yìí gbọ́dọ̀ ní imí-ọjọ́ nínú. Níbo ni imí-ọjọ́ ọ̀hún ti ń wá? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ́ńsáìmù tí jíìnì yìí ń kọ́, ìyẹn òṣìṣẹ́ kékeré tó ń yí èròjà padà nínú ara, jẹ́ ọ̀wọ́ èròjà 326 tí a tò tẹ̀léra. Lára èyí tó wà nípò 205 ni ẹ́ńsáìmù náà ti ń yọ imí-ọjọ́, ìyẹn lára òun fúnra rẹ̀. Bó bá ti yọ ọ́, ó tán fún un nìyẹn; kò lè ṣe òmíràn mọ́ láé. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó yọ ìṣó lára àkàbà tó dúró lé kó lè fi kan òrùlé oníbàárà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ọdún 2011 ni Tadhg Begley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas A&M, ní Amẹ́ríkà, tú àṣírí yìí síta.

Àwọn ẹ́ńsáìmù yòókù kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ o. Èyí tó wà nínú itọ́ wa, tó ń sọ ẹ̀kọ di ṣúgà lẹ́nu wa, á ṣe é, á tún un ṣe, àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n fún B1 kan ṣoṣo, odindi ẹ́ńsáìmù kan tí THI4 kọ́ ló ń lọ sí i.

Kí ló dé tí yíìsì fi ń náwó tó báyìí? Torí pé láìsí B1, ẹ́ńsáìmù tó ń tú afẹ́fẹ́ tó ń wú búrẹ́dì sílẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́, ọtí pẹ̀lú kò sì ní jáde. Ẹ mú yíìsì méjì, ọ̀kan tó pé, ọ̀kan tí a ti gé THI4 kúrò lára àbùdá rẹ̀. Ẹ kán wọn sórí àwo kan náà tí ṣúgà àti gbogbo èròjà yòókù wà, tí B1 nìkan kò sí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, èyí tó pé á ti yọ funfun, á ga, á máa dán. Ibi tí a kán èkejì sí, àbàwọ́n fẹ́lẹ́ lásán ni. Ẹ fi B1 díẹ̀ sí i, ẹ ó rí i tó máa hù bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é.

Ohun tó wọ́n báyìí, yíìsì kì í ṣe é tí kò bá pọn dandan. Bó bá rí B1 níta, á fà á wọlé, á sì ti THI4 pa. Ìwà yìí kan náà ló ń hù nínú ìfun ẹni tó gbé e mì láàyè. Ní nǹkan bí ọdún 1945, Helen Parsons àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin fún àwọn èèyàn ní yíìsì búrẹ́dì tútù jẹ. B1 inú ìtọ̀ wọn lọ sílẹ̀, ó ń bá ìgbẹ́ jáde, nínú yíìsì níbi tó sá pamọ́ sí. Ìgbà tí wọ́n se yíìsì náà, ara rí B1 gbà.

Àwa èèyàn kò ní THI4 rárá. Nǹkan bíi mílígíráàmù kan lé díẹ̀ ni àgbàlagbà ń lò lójúmọ́, èyí tí ara sì tọ́jú pamọ́ kò lè gbé e ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ẹ wo ohun tí àìtó rẹ̀ lè fà: ìgbà òjò ni àwọn ará ìhà Ìkàrẹ́ máa ń jẹ kòkòrò Anaphe, ìdílé kòkòrò tó ń pa òwú sányán. Ẹ́ńsáìmù kan nínú rẹ̀ máa ń ba B1 jẹ́, sísè kò sì pa á tán. Àwọn tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ tẹ́lẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, wọn ò ní lè rìn tààrà. Ọdún 1993 ni Dókítà Bola Adamolekun, tó ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tọ́ka sí kòkòrò náà; B1 ni wọ́n sì fi wò wọ́n.

Nílé ìdáná, ẹ̀wà ni kí ẹ gbára lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín káún tí ẹ ń sọ sí i kù, torí káún ń ba B1 jẹ́. Ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀rọ bó dán ti pàdánù púpọ̀ nínú tirẹ̀. Ẹni tó bá wá se é lábọ̀ tó da omi rẹ̀ nù tún dá kún un. Ẹmu ńkọ́? B1 díẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọtí kì í jẹ́ kí ìfun gbà á dáadáa, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àìtó B1 máa mú àwọn ọ̀mùtí.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ yíìsì, kó ra èyí tí wọ́n ti pa tí wọ́n sá gbẹ fún jíjẹ, kó sì ka ara agolo rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń bu B1 tí a fọwọ́ ṣe, irú èyí tí Robert Williams kọ́kọ́ ṣe ní 1936, kún un. Kò burú; ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ó kàn jẹ́ pé THI4 kọ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ sanwó fún.