Iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àbójútó omi ní Íjíbítì àtijọ́

Ìkún odò Náílì tó ń wáyé lọ́dọọdún ni iṣẹ́ àgbẹ̀ Íjíbítì àtijọ́ dúró lé. Òjò kò tó nǹkan níbẹ̀. Èyí tó ń rọ̀ sórí àwọn òkè Etiópíà ló ń mú odò kún. Omi a bẹ̀rẹ̀ sí í ga ní Aswan ní nǹkan bí oṣù kẹfà, a sì kún jù ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án. Bó bá fà, ẹrẹ̀ dúdú ọlọ́ràá ló ń fi sílẹ̀. Èyí ni wọ́n fi pín ọdún sí ìgbà mẹ́ta: Akhet fún ìkún omi, Peret fún ìgbìn, Shemu fún ìkórè.

Ìkún omi lórí oko

Wọ́n mọ ògiri erùpẹ̀ yí ilẹ̀ etí odò ká ní ìpín-ìpín, wọ́n sì la ojú tí ìkún yóò gbà wọlé. Omi a wà níbẹ̀ fún bí 40 sí 60 ọjọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mu àmuyó, kí wọ́n tó tú ìyókù padà sódò. Bó ṣe ń ṣàn jáde, ó ń fọ iyọ̀ inú ilẹ̀ lọ, iyọ̀ kan náà tó ba oko jẹ́ ní gúúsù Mesopotámíà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn aláṣẹ agbègbè ló ń darí iṣẹ́ yìí ju ààfin Fáráò lọ.

Wíwọn ìkún omi

Níbi wíwọn omi ni ọgbọ́n wọn ti hàn jù lọ. Lára òkúta Palermo, àkọsílẹ̀ àtijọ́ nípa àwọn ọba Íjíbítì, wọ́n kọ gíga ìkún omi sábẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ìjọba àwọn ọba àkọ́kọ́, ní ìgbọ̀nwọ́, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka. Àkọsílẹ̀ omi tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé. Ní erékùṣù Elephantine, níbi ààlà gúúsù tí ìkún ti ń kọ́kọ́ dé, àtẹ̀gùn kan sọ̀ kalẹ̀ sínú odò, àmì ìwọ̀n sì wà lára ògiri rẹ̀. Ìwọ̀n omi ń jẹ́ kí àwọn aláṣẹ fojú díwọ̀n ìkórè àti ìṣákọ́lẹ̀. Pliny Àgbà, ará Róòmù, kọ ọ́ pé ìgbọ̀nwọ́ 12 túmọ̀ sí ìyàn, 13 sí ebi, 14 sí ìdùnnú, 15 sí ìfọ̀kànbalẹ̀, 16 sí ayọ̀ ńlá. Èyí tó bá pọ̀ jù náà léwu, nítorí ó ń pẹ́ kó tó fà, ìgbìn á sì falẹ̀. Àṣà wíwọn omi yìí kò parẹ́: ọdún 861 lẹ́yìn Krístì ni wọ́n kọ́ ilé ìwọn omi ti Roda ní Káírò.

Irúgbìn àti irinṣẹ́

Àlìkámà àti báálì ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì àti ọtí. Ọ̀gbọ̀ ni ti aṣọ. Shaduf, ọ̀pá gígùn tó ní korobá lórí kan àti ẹrù amọ̀ lórí kejì, fara hàn nínú àwòrán ìgbà Ìjọba Tuntun (nǹkan bí ọdún 1550 sí 1070 ṣáájú Krístì). Ó jọ pé ọgbà ni wọ́n ń fi bomi rin jù.

Fayum

Àwọn ọba ìdílé kejìlá, pàápàá Amenemhat Kẹta, ni a sábà máa ń so mọ́ iṣẹ́ omi ní ilẹ̀ kòtò Fayum. Ìgbà àwọn Ptolemy, àwọn ọba ìran Gíríìkì tó jẹ ní Íjíbítì lẹ́yìn náà, ni oko ibẹ̀ wá gbòòrò gan-an.