Oyún ìbejì: ṣé ká bí wọn fúnra wa ni, àbí ká lọ fún iṣẹ́ abẹ? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Mínísítà fún ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, kéde ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa gbé owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún àwọn aboyún tí kò rí ọwọ́ họrí. Kí ìròyìn náà tó rìn dé orí WhatsApp, ó ti gé kúrú sí "CS ti di ọ̀fẹ́." Láti ìgbà náà ni àwọn tó lóyún ìbejì ti ń béèrè pé: bó bá ti di ọ̀fẹ́, kí ni èèyàn tún ń rọbí fún ọmọ méjì sí? A kó ohun tí wọ́n ń béèrè jọ síbí.

Ṣé lóòótọ́ ni iṣẹ́ abẹ ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo aboyún?

Rárá. Aláìní tí dókítà bá rí i pé iṣẹ́ abẹ tọ́ sí ni wọ́n ṣe é fún. NHIA, àjọ adójútòfò ìlera, ló ń san owó náà, ilé ìwòsàn tó bá sì wà nínú ètò náà nìkan ló kàn. Ìjọba ìbílẹ̀ 172 tí ikú aboyún ti pọ̀ jù lọ ni wọ́n dojú ètò náà kọ. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn yín kí oṣù tó pé, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ìrọbí. Ẹni tó kàn fẹ́ kí ọjọ́ ìbí ọmọ bá ti ọkọ òun mu kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣé dandan ni kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ìbejì?

Kì í ṣe dandan.

Ẹ̀rí wo lẹ ní?

Ìwádìí kan tí àwọn dókítà ní Toronto, ní Kánádà, darí, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Wọ́n kó aboyún ìbejì bíi 2,800 jọ ní orílẹ̀-èdè 25, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì bí ẹni ṣẹ́ kèké: àwọn kan yóò ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn kan yóò gbìyànjú láti bí i láti ojú ara. Wọ́n wá ka iye ọmọ tó kú tàbí tó fara pa gidi. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, ó jẹ́ 2.2 nínú 100. Lọ́dọ̀ àwọn yòókù, ó jẹ́ 1.9. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé karí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́ níbí o, torí ibi tí àwọn èèyàn ti ń ki ẹsẹ̀ bọ ihò nìyí. Orí ni Táyé kọ sísàlẹ̀ nínú gbogbo oyún tí wọ́n gbà sínú ìwádìí náà. Oyún náà ti pé ọ̀sẹ̀ 32. Ilé ìwòsàn tí tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, wà ní sẹpẹ́, tí ẹni tó mọ ìbejì í gbẹ̀bí sì wà nítòsí, ni wọ́n lò. Ó sì tún ku ẹyọ kan: nínú 100 obìnrin tó gbèrò láti bí i fúnra wọn, nǹkan bí 44 ló padà dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "mo fẹ́ bí wọn fúnra mi" ti gbà pé iṣẹ́ abẹ lè yà lọ́nà. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ ohun tí ìwádìí náà ń wí.

Kí ló wá ń pinnu rẹ̀?

Bí Táyé ṣe sùn ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó wà nísàlẹ̀ ni yóò ṣílẹ̀kùn. Bí orí rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún bíbí láti ojú ara, Kẹ́hìndé ìbáà tilẹ̀ dábùú. Bí Táyé bá ń bọ̀ bí Ìgè, tí ìdí tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, tàbí tó bá sùn sí ìbú, iṣẹ́ abẹ ni ọ̀pọ̀ dókítà yóò yàn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé àgbọ̀n Táyé lè há mọ́ ti Kẹ́hìndé nígbà tí orí Kẹ́hìndé bá wà nísàlẹ̀. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà tó bá ti rí i rí kì í fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn èyí ni iye ibi ọmọ, iye àpò omi, bí ọmọ ṣe tóbi sí, bí ibi bá dí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá, àti bóyá wọ́n ti la ikùn náà rí.

Kí ló dé tí iye ibi ọmọ fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá?

Nítorí pé ìbejì ju oríṣi kan lọ. Àwọn kan ní ibi tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àti àpò omi tiwọn, bí ayálégbé méjì tí kálukú ní yàrá àti ìdáná tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wàhálà wọn kéré jù. Àwọn kan ń jẹ nínú ibi kan ṣoṣo, bí wọ́n tilẹ̀ wà nínú àpò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú irú èyí, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn láti ara ọ̀kan lọ sí ara èkejì, kí ó pọ̀ jù fún ọ̀kan, kí ó sì wọ́n èkejì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè wọ́n fún àyẹ̀wò scan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti ọ̀sẹ̀ 16. Síbẹ̀, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, wọn kò ṣàìlè bí àwọn wọ̀nyí láti ojú ara.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tó wà nínú àpò omi kan ṣoṣo. Wọ́n ṣọ̀wọ́n gan-an. Kò sí ohun tó pààlà láàárín wọn, ìwọ́ wọn sì lè lọ́ mọ́ra. Iṣẹ́ abẹ ni fún irú wọn, láàárín ọ̀sẹ̀ 32 sí 34. Níbí, kò sí "ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 ni scan ti ń rí ọ̀rọ̀ yìí kedere jù. Bí oyún bá ti dàgbà, àpò wọ̀nyẹn ti fún mọ́ra, mímọ̀ wọn di wàhálà. Obìnrin tó bá fi oyún pamọ́ fún aráyé títí di oṣù karùn-ún ti jẹ́ kí ọjọ́ dáadáa yẹn kọjá lọ.

Bí ibi bá jẹ́ méjì, ṣé ó túmọ̀ sí pé wọn kò ní jọra?

Kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìbejì tó jọra bí ìmumu ló ní ibi méjì.

Nínú Táyé àti Kẹ́hìndé, ta ló wà nínú ewu jù?

Kẹ́hìndé. Gbogbo ilé ló ń sáré sí Táyé, gbogbo ojú ń wo Táyé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó rán an níṣẹ́ ló ṣì wà lẹ́yìn. Tí Táyé bá jáde tán, àyè ṣí sílẹ̀ lójijì, Kẹ́hìndé sì lè yí padà kí ó sùn sí ìbú. Ìrọbí lè dáwọ́ dúró. Ìwọ́ lè kọ́kọ́ yọ jáde ṣáájú ọmọ. Ibi ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nígbà tí ilé ọmọ bá ń sún kì, afẹ́fẹ́ ọmọ sì wà nínú ibi yẹn.

Ìṣẹ́jú bí 30 tó wà láàárín Táyé àti Kẹ́hìndé yìí ló ń fi ilé ìwòsàn gidi hàn yàtọ̀ sí ilé tí wọ́n kàn kun ní ọ̀dà funfun. Níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì kan yóò di ikùn mú kí ọmọ má yí, ẹ̀rọ scan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn yóò fi dírípù mú ìrọbí padà, dókítà tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹsẹ̀ ọmọ mú fà á jáde yóò sì ti wọ ìbọ̀wọ́ dúró. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ ń lọ, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fètò sí lè dára fún yín ju bíbí fúnra ẹni lọ, bí Táyé tilẹ̀ kọrí sísàlẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nínú ìwádìí Kánádà yẹn: ewu Kẹ́hìndé pọ̀ ju ti Táyé lọ, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fètò sí kò sì dín in kù.

Ṣé wọ́n lè bí Táyé láti ojú ara tán, kí wọ́n tún la ikùn torí Kẹ́hìndé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìwádìí kan náà, ó ṣẹlẹ̀ sí bíi mẹ́rin nínú 100 tó gbèrò láti bí i fúnra wọn. Egbò méjì lóòjọ́ kan. Kò dùn, ṣùgbọ́n ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ, ta ni Táyé?

Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé jáde. Dókítà ló rán an ní tirẹ̀, kì í ṣe Kẹ́hìndé.

Àwọn ìyá ńlá wa bí ìbejì nílé láìsí tíátà. Kí ló yí padà?

Òótọ́ ni pé wọ́n bí wọn, wọ́n sì bí wọn lọ́pọ̀. Dókítà Percy Nylander, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, rí i ní Igbó-Ọrà pé ìbejì lé ní 40 nínú ìbímọ 1,000, nígbà tí ti ayé káàkiri wà ní nǹkan bí 12. Ẹ jẹ́ ká wá béèrè ohun tí ère ìbejì wà fún. Bí ọ̀kan nínú èjìrẹ́ bá kú ni wọ́n ń gbẹ́ ère, tí ìyá yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí yóò máa fún un lóúnjẹ, tí yóò máa pọ̀n ọ́n. Ẹ wo bí ère náà ti pọ̀ tó ní mùsíọ́mù kárí ayé. Àwọn ìyá ńlá wa kò fi ohun tó ṣẹlẹ̀ pamọ́, wọ́n gbẹ́ ẹ sára igi.

Ìyá ìjọ ní obìnrin Hébérù kì í bímọ nípa abẹ.

Ẹ ka Ẹ́kísódù 1:19 dáadáa. Ohun tí àwọn agbẹ̀bí méjì sọ fún Fáráò láti gba ara wọn lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ tó sùn sí ìbú. Ìwádìí ìlera ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bí mẹ́ta péré nínú ìbímọ 100 ló jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ. Nílẹ̀ wa, àwọn tó nílò rẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn ló ń kú. Kí ìyá ìjọ gbàdúrà àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní, ó dára. Kí ó gbà á ní ọgbà ilé ìwòsàn, torí ilé ìgbẹ̀bí tí kò ní ẹ̀jẹ̀ àti tíátà kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí ìbejì.

Kí ni ewu iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀, kí egbò kẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, àti ìrora tí kì í jẹ́ kí èèyàn tètè gbé ọmọ kan, áḿbọ̀sì méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Ìdòwú àti Àlàbá ni ó kù sí. Bí ibi ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá lẹ̀ mọ́ ojú àpá, yíyọ rẹ̀ le gan-an, ewu yìí sì ń pọ̀ sí i bí iṣẹ́ abẹ bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó fẹ́ bí mẹ́rin sí i yẹ kó fi èyí ro ó ju ẹni tó ti parí tirẹ̀ lọ.

Kí ni kí n bẹ̀rù jù lọ?

Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀nà yòówù kí ẹ bí i gbà. Ilé ọmọ tó ti fẹ̀ fún méjì lè ṣàìsún kì bó ṣe yẹ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàńsáníà àti Gúúsù Áfíríkà, tó jáde ní ọdún 2023, lo ọ̀rá tí wọ́n fàlà ìwọ̀n sí, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí ìyá láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Pẹ̀lú ìtọ́jú tí wọ́n fún wọn lójú ẹsẹ̀, ìṣòro ẹ̀jẹ̀ tó le dín kù ní nǹkan bí 60 nínú 100. Ọ̀rá lásán! Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní in. Kí ọkọ sì wá ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ti ìyàwó mu kó tó di oṣù kẹjọ.

Ìgbà wo ni kí n múra?

Kíákíá. Ọ̀sẹ̀ 37 ni wọ́n sábà ń fojú sí fún àwọn tó ní ibi méjì, ọ̀sẹ̀ 36 fún àwọn tó ń jẹ nínú ibi kan. Ṣùgbọ́n èyí tó ju ìdajì ìbejì lọ kì í dúró dé ọ̀sẹ̀ 37. Bí inú bá ń fún, tí omi bá dà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ ní ọ̀sẹ̀ 31, ẹ má ní kò tíì tó àkókò, ẹ máa lọ. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń ran ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti wọlé kí ọmọ tó jáde.

Bí mo bá ti pinnu, ṣé mo ṣì lè yí ọkàn padà?

Ẹ lè yí i padà. Àwọn ọmọ náà sì lè yí padà, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n tún fi scan wo bí wọ́n ṣe sùn ní ọjọ́ tí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀.