Sláídà Ẹ̀gbẹ́ Jíìpù: Ṣásì Ló Gbọ́dọ̀ Gbé Ìwúwo Ọkọ̀

Kì í ṣe òkúta nìkan ló ń ba jíìpù jẹ́ lójú ọ̀nà oko ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àpáta ń yọrí lóòótọ́ láti Agọ́-Ìwòyè títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, àmọ́ èyí tí mò ń rí jù lára ọkọ̀ àwọn oníbàárà mi ni ọgbẹ́ kùkùté. Ẹ wọ inú igbó J4 lẹ́yìn òjò: ọkọ̀ agbégẹdú ti fi taya gbẹ́ ọ̀nà di kòtò gbọọrọ méjì, taya jíìpù yín á yọ̀ wọnú rẹ̀, ọkọ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kùkùté tó wà létí ọ̀nà á sì gún abẹ́ ilẹ̀kùn. Páànù ibẹ̀ fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ sì ṣófo. Tó bá ti tẹ̀ wọnú, ilẹ̀kùn kì í pa dé dáadáa mọ́, omi òjò á máa wọlé, pánẹ́lì bítà á wá pe iye tí ẹ kò rò.

Irin tí wọ́n ń so mọ́ ibẹ̀ láti dènà èyí ni rock slider. Sláídà la máa ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Páìpù tàbí irin onígun mẹ́rin ni. Ó gùn láti ẹ̀yìn taya iwájú dé iwájú taya ẹ̀yìn, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ bá ṣásì, ìyẹn irin ńlá tí bọ́dì ọkọ̀ jókòó lé. Bí ọkọ̀ bá jókòó lé kùkùté, sláídà ló máa gbé e, òun náà ló máa jẹ́ kó yọ̀ kọjá. Hilux tàbí Prado tí kò tíì kó ẹrù kankan wọn nǹkan bíi 2,000 kìló. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí ìwúwo yẹn gba inú irin lọ sí ṣásì, kó má kan bọ́dì rárá.

Ìdí nìyẹn tí sáìdì sítẹ́ẹ̀pù kò fi lè rọ́pò sláídà, bó ti wù kó nípọn lójú. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé abẹ́ bọ́dì ni wọ́n dè é mọ́. Tí kùkùté bá tì í sókè, òun fúnra rẹ̀ ló máa bá yín tẹ ilẹ̀kùn wọlé. Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́, a kì í ṣàì rí ẹni tó máa gbé jíìpù wá láti Èkó pé ká bá òun so irin tó ń kọ mọ̀nà mọ́ ọn. Mo máa ń so ó. Ẹwà ni wọ́n wá rà, ẹwà náà ni mo tà fún wọn. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ lọ sóko kòkó ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí.

Kí ẹ tó náwó, ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní Hilux, Prado, 4Runner, Land Cruiser tàbí Lexus GX máa rí irin ńlá méjì tó na láti iwájú dé ẹ̀yìn, ṣásì nìyẹn. RAV4, Highlander, CR-V àti Lexus RX kò ní in, bọ́dì wọn fúnra rẹ̀ ló ń gbé gbogbo nǹkan. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ o. Pathfinder ti 2005 sí 2012 ní ṣásì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 2013 kò ní. Ford Explorer náà kò ní in mọ́ láti 2011. Tí ọkọ̀ yín kò bá ní ṣásì, ẹ fi ọ̀rọ̀ sláídà sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Wọ́tàsáìdì tí ẹ ń gba ọ̀nà Ìwópin náà, ẹ rò ó dáadáa: ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni wàhálà tiyín, taya gidi àti okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ yọ ló máa wúlò fún yín ju irin méjì tó lè wọn 50 kìló tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè ra sláídà tí wọ́n ti ṣe fún irú ọkọ̀ yín gan-an, ẹ sì lè ní kí wẹ́dà bá yín ṣe é. Tó bá jẹ́ wẹ́dà ni, ẹ mú ohun ìwọ̀n dání. Ara páìpù kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 3 lọ, irin pélébé tó máa lé mọ́ ṣásì kò sì gbọ́dọ̀ dín sí mìlímítà 5. Ẹ má gba páìpù omi tí wọ́n fi síǹkì bò. Kì í ṣe irú ẹrù yìí ni wọ́n ṣe é fún, èéfín síǹkì náà sì máa ń kó ibà àti òtútù bá ẹni tó jó o lálẹ́ ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe dúró pẹ̀lú: kó yọ síta, kó sì gòkè díẹ̀. Sláídà tó rọ̀ sísàlẹ̀ ju ṣásì lọ á máa kọlu kùkùté tí ọkọ̀ yín ì bá ti ré kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni bí a ṣe máa so ó. Àwọn kan ń jó o mọ́ ṣásì, àwọn kan ń fi U-bolt, bóòtì tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, gbá a mú, àwọn mìíràn ń fi bóòtì dè é gba inú ihò. Fún ẹni tó ń ṣe é nílé, bóòtì ni mo fara mọ́. Kò fi iná jẹ ṣásì lára, ọjọ́ tí sláídà bá sì tẹ̀, ẹ máa tú u ni, ẹ ò ní í wá ẹni tó máa gé e. U-bolt kò burú, ṣùgbọ́n tí òkúta bá gbá sláídà láti iwájú, ó lè yọ̀ sẹ́yìn lórí ṣásì. Tí ẹ bá lò ó, ẹ jẹ́ kí bóòtì kan ó kéré tán wọ inú ṣásì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Inú ṣásì àwọn jíìpù wọ̀nyí ṣófo. Tí ẹ bá ki bóòtì gígùn bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan jáde sí ìkejì, tí ẹ wá ń fún un, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra wọn bí agolo mílíìkì tí ọmọdé ń fọwọ́ tẹ̀. Ẹ rò pé bóòtì ti le ni, ṣásì ló ń rún. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ ó máa tú, ẹ tún máa fún un, ó tún máa rún sí i. Ohun tí a fi ń dènà rẹ̀ ni páìpù kékeré kan tí gígùn rẹ̀ bá fífẹ̀ inú ṣásì mu, tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni bóòtì máa gbà kọjá, kó lè gba ìfúnpọ̀ náà. Ọ̀nà tó tún rọrùn jù ni kí ẹ lo ihò tí ilé iṣẹ́ ti dá sí ara ṣásì. Ẹ jó nọ́ọ̀tì mọ́ irin pélébé kékeré, ẹ so wáyà mọ́ ọn bí ọwọ́, ẹ tì í bọ inú ṣásì láti ihò tó wà nítòsí títí nọ́ọ̀tì fi bá ihò tí ẹ fẹ́ mu. Bóòtì á ti òde wọlé bá a, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa fún mọ́ra, kò sì sí ohun tó máa rún.

Tó bá di dandan kí ẹ lu ihò tuntun, ẹ̀gbẹ́ ṣásì ni kí ẹ lù, ẹ má fọwọ́ kan orí rẹ̀ tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá tẹ ṣásì, orí àti ìsàlẹ̀ yẹn ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà náà, ihò tó bá wà níbẹ̀ sì lè di ibi tó ti máa sán. Kí ẹ tó fi dírílì kàn án, ẹ ní kí ẹnìkan fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ibẹ̀. Páìpù bírèkì, páìpù epo àti wáyà máa ń gba ara ṣásì kọjá. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fà wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù nítorí dírílì tó yọ sódì kejì. Lẹ́yìn tí ẹ bá lù ú tán, ẹ fi ọ̀dà red oxide kun etí ihò náà, torí ibẹ̀ ni ìpẹtà máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an, ẹ wá ilẹ̀ títẹ́ tó jẹ́ kọnkéré. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ gbé e lé sítáǹdì. Tí sítẹ́ẹ̀pù àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ ti fi epo atúpẹtà sí bóòtì rẹ̀ láti alẹ́ àná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa ṣẹ́ ẹ. Ènìyàn méjì ni kó gbé sláídà, tàbí kí ẹ fi jáàkì àti pákó gbé e sókè. Ẹ fọwọ́ lásán ki gbogbo bóòtì bọ ihò wọn kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà. Àwọn tó máa ń fún bóòtì àkọ́kọ́ pa ló máa ń wá fi òòlù lu èyí tó gbẹ̀yìn.

Àlàfo tó máa wà láàárín sláídà àti bọ́dì ń kọ́? Ẹ fi àyè tí ìka kan lè gbà sílẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà 15 sí 20. Orí rọ́bà ni bọ́dì jókòó sí lórí ṣásì, ó ń mì nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, sláídà náà sì máa ń tẹ̀ sókè díẹ̀ tí ẹrù bá dé bá a. Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ràn àlàfo yìí. Wọ́n ní kò jẹ́ kó mọ́ lójú, wọ́n fẹ́ kó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Mi ò kí ń gbà fún wọn. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ pa á dé. Ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ rí i pé taya kò kàn án. Nígbà náà ni kí ẹ wá fún bóòtì, láti ẹsẹ̀ àárín lọ sí ìkángun. Bóòtì tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, ìyẹn àmì bó ṣe lágbára tó, ni kí ẹ lò, ó kéré tán. Bóòtì M12 (oní-mìlímítà 12) onírú èyí máa ń gba nǹkan bíi 80 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún un, àyàfi tí ìwé tó bá sláídà wá bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ yá sípánà tó ń ka agbára tí ẹ kò bá ní in. Fífi páìpù gùn sípánà lọ́wọ́ kì í jẹ́ kí bóòtì le sí i, ńṣe ló ń fà á gùn títí á fi já.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ jó o, ẹ gbé e lọ bá wẹ́dà tó ti jó ṣásì rí, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe géètì. Kó tú orí bátìrì, kó fi wáyà ilẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ibi tó ń jó, kó má bàa ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́. Kó má jó ṣásì lóòró láti orí dé ìsàlẹ̀. Kó jó irin pélébé onígun mọ́ ọn, kí ojú iná má bàa gé e láàárín. Kó jìnnà sí tánkì epo, kó má sì fọwọ́ kan nọ́ńbà ṣásì tí wọ́n lù sára irin, nítorí ẹ kò ní í rí àlàyé ṣe fún VIO.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó jáde. Ẹ fi jáàkì sábẹ́ sláídà láàárín, kí ẹ rọra gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sókè títí taya kan fi kúrò nílẹ̀. Ẹ wo àlàfo yẹn: ó lè dín, àmọ́ tí irin bá kan bọ́dì, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tún sláídà náà so. Ẹ tún gbogbo bóòtì fún lẹ́yìn ìrìn kìlómítà ọgọ́rùn-ún mélòó kan, àti lẹ́yìn ìgbàkígbà tí sláídà bá fi ara gba nǹkan gidi. Tí wọ́n bá ti dí ẹnu páìpù rẹ̀, kí ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí omi máa gbà jáde. Lásìkò òjò, ẹ máa fi omi fọ amọ̀ kúrò láàárín ẹsẹ̀ sláídà àti ṣásì, kí ẹ sì tún àwọ̀ rẹ̀ kùn níbi tó bá ti bó.