Àmì wíwú ara àti sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú èrìgì

Èrìgì ni ẹran tó yí eyín ká. Lábẹ́ awọ rẹ̀ ni a ti ń rí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tí wọ́n lè pín léraléra, tí wọ́n sì lè di sẹ́ẹ̀lì eegun, ti ọ̀rá, tàbí ti eegun rírọ̀ irú èyí tó wà ní etí. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Southern California, ní Los Angeles, ròyìn pé àwọn yọ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ láti inú èrìgì ènìyàn, àti pé nígbà tí àwọn fún àwọn eku tí ìfun wọn wú ní sẹ́ẹ̀lì náà, àrùn ọ̀hún fúyẹ́. Dókítà eyín lè gé èrìgì díẹ̀ láìsí wàhálà púpọ̀, ojú ibẹ̀ a sì jiná kíákíá, àpá rẹ̀ kì í sábà hàn.

Ẹnu kì í ṣàìní bakitéríà. Bí ìdọ̀tí bá pẹ́ létí èrìgì, tí irú Porphyromonas gingivalis sì ráyè, èrìgì a pọ́n, a wú, ẹ̀jẹ̀ a sì máa yọ nígbà tí ẹni náà bá ń run orín tàbí tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín. Kí ojú tó rí èyí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ti ń tú sáítókáìnì jáde, ìyẹn àwọn púrótéènì kéékèèké tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn; àwọn ni àmì wíwú tí à ń sọ. Interleukin-1β, TNF-α àti interferon-γ wà lára wọn. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ní ohun tó fi ń gba iṣẹ́ wọ̀nyí lára. Ó tún ní àwọn púrótéènì TLR tó fi ń dá bakitéríà mọ̀ fúnra rẹ̀, láìdúró de oníṣẹ́ kankan.

Iṣẹ́ interferon-γ ni ó hàn kedere jù. Bí ó bá ti kan sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe énsáìmù tí à ń pè ní IDO, èyí tó ń fọ́ tryptophan, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ara fi ń ṣe púrótéènì. Tryptophan yìí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì T, tí wọ́n wà lára ọmọ ogun ara, nílò kí wọ́n tó lè pọ̀ sí i. Bí ó bá ti wọ́n, wọn kò ní lè gbèrú mọ́, ìjà á sì rọlẹ̀. Àmì wíwú fúnra rẹ̀ ló ń jí agbára tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fi ń pẹ̀tù sí wíwú. Láìsí i, agbára ọ̀hún kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Prostaglandin E2, kẹ́míkà kan tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ń tú jáde, náà ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́: ó ń mú kí macrophage, sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé kòkòrò mì, fi ìjà sílẹ̀ kí ó sì dojú kọ àtúnṣe ẹran ara.

Bí àmì náà ṣe pẹ́ tó ṣe kókó. Wíwú tí kò pẹ́ lè ta sẹ́ẹ̀lì jí, ṣùgbọ́n èyí tó bá di bárakú ń ba ẹran àti eegun tó di eyín mú jẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ inú iṣan tó so eyín mọ́ eegun àgbọ̀n, tí a bá mú wọn lára ẹni tí àrùn èrìgì ti bá fínra, kì í lè ṣe eegun tó ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Inú abọ́ ilé-ìwádìí ni púpọ̀ nínú àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí ti wáyé, níbi tí a ti lè lo sáítókáìnì kan tàbí méjì péré, nígbà tó jẹ́ pé nínú ẹnu, gbogbo wọn ló ń dé pọ̀, pẹ̀lú itọ́, bakitéríà àti oúnjẹ jíjẹ.