Ratatouille: àròtúnrò ni, kì í ṣe ọbẹ̀ eku

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń run mí nínú tipẹ́. Bí àwọn tó ń kọ nípa oúnjẹ òyìnbó lédè wa bá ti dé orí ratatouille, ọbẹ̀ tòmátò àti tàtàṣé àwọn ará Faransé, báyìí, kálámù wọn á há. Ẹnì kan á kọ "ràtàtúì", ẹlòmíràn á kọ "ọbẹ̀ ewébẹ̀ ilẹ̀ Faransé", àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń pè é ní "ọbẹ̀ eku". Eku kẹ̀!

Ibi tí eku ti wọlé kò ṣòro mọ̀. Fíìmù àwọn ọmọdé kan jáde ní 2007, orúkọ oúnjẹ yìí ni wọ́n sọ ọ́, eku tó mọ oúnjẹ sè ló sì wà nídìí ìtàn náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ náà ṣeré ni, torí "rat" ni eku lédè Faransé, òun náà ni lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n "touiller" ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn kéèyàn máa rò nǹkan pọ̀. "Ratatolha" ni àwọn tó ń sọ èdè Occitan ní gúúsù Faransé ń pè é. Àwọn "ra" àti "ta" tó ṣíwájú yẹn, àsọdùn ni, bí ìgbà tí ẹnu bá ń tẹ̀ lé ọwọ́: rírò náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Inú èdè Látìn ni "touiller" fúnra rẹ̀ ti wá, níbi tí "tudicula" ti jẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fọ́ èso ólífì. Títí dòní, òróró ólífì náà ni wọ́n ń fi sè é.

Tòmátò, tàtàṣé, àlùbọ́sà, aáyù, ìgbá ńlá aláwọ̀ elése àlùkò, àti ẹ̀yà elégédé kan tí wọ́n ń já kó tó gbó, ìwọ̀nyí ni wọ́n ń gé sínú ìkòkò lórí iná jẹ́jẹ́ títí wọn yóò fi rọ̀. Orúkọ náà dàgbà ju àkójọ yìí lọ. Kí ọdún 1800 tó dé ni wọ́n ti ń lò ó ní Faransé fún ọbẹ̀ jákujàku èyíkéyìí tí kò wu ojú. Àwọn sójà gé e kúrú sí "rata", ọ̀dùnkún tàbí ẹ̀wà bàrákì ni wọ́n sì ń fi bú. Àwọn ará Nice, ìlú etí òkun tó di ti Faransé ní 1860, ló fún orúkọ náà ní iyì tó ní lónìí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí orúkọ náà ṣe ń dún létí àwọn Faransé, ẹ wo ẹ̀fọ́ rírò. Ata ti dín, òróró ti léfòó, a ti bọ ẹ̀fọ́, a ti fún omi rẹ̀ dànù, a wá tú u ká lé ata lórí. Kí ni orógùn ń ṣe nígbà náà? A kò fi ata sọ ọbẹ̀ náà lórúkọ, a kò fi irú tàbí ẹja sọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ la fi sọ ọ́. Ohun tí Faransé ṣe gan-an nìyẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní àròtúnrò. Ẹ kò ní láti kọ́ ọ níléèwé: ẹni tó bá gbọ́ àsọtúnsọ àti àṣetúnṣe ti gbọ́ ọ. Ẹnì kan bá mi jiyàn pé yóò dà bí ẹni tó ń ronú léraléra. Ta ló gbọ́ "ẹ̀fọ́ rírò" rí tó rò pé ẹ̀fọ́ ń ronú?

Àwọn kan ní ká kúkú pè é ní "ẹ̀fọ́ rírò Faransé", kí ẹjọ́ tán. Ẹ̀fọ́ wo? Bí ẹ bá yọ àlùbọ́sà àti aáyù, èso ni gbogbo rẹ̀. Ewé táìmù díẹ̀ tí wọ́n fi ń mú un ta sánsán kò sọ ọ́ di ẹ̀fọ́. Ẹjọ́ yìí náà ló pa "ọbẹ̀ ewébẹ̀". Àwọn tó ń kọ "ràtàtúì" ní ṣebí a yá ọ̀rọ̀ "tòmátò" lọ́wọ́ òyìnbó. Òótọ́ ni, a yá tòmátò torí a kò ní in. Rírò ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà la fẹ́ lọ yá?

Awuyewuye ń bẹ láàárín àwọn alásè bóyá kí wọ́n dín èso kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ tàbí kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò ní bá wọn dá sí i. Bí wọ́n dín in lọ́tọ̀, bí wọn kò dín in lọ́tọ̀, inú ìkòkò kan náà ni orógùn yóò ti bá gbogbo wọn.

Èyí tí n kò lè gbà ni abọ́ inú fíìmù yẹn, tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀: èso tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n tò yípo, tí wọ́n gbé sínú ààrò. Thomas Keller, alásè ará Amẹ́ríkà, ló bá wọn ṣètò ìyẹn. "Confit byaldi" lorúkọ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ Michel Guérard, alásè ará Faransé, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wá, orúkọ náà sì jáde láti inú oúnjẹ àwọn ará Tọ́kì kan tó ń jẹ́ "Lèmọ́mù dákú". Oúnjẹ gidi ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n orógùn kò kàn án rárá. Ẹni tó bá ń wá orúkọ fún un lè pè é ní àtòyan. Kó sáà fi àròtúnrò sílẹ̀ fún àwọn ará Nice.